MySQL ń kú mọ́ mi lọ́wọ́ lóru, log ò sì sọ nǹkan kan

ọmọ_lágéré:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. A ní server kékeré kan ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Lágéré, Ubuntu 22.04, RAM 2GB péré, orí ẹ̀ ni wẹ́ẹ̀bù táwọn kọ́sítọ́mà fi ń wo ọjà wa wà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí MySQL, ètò tó ń tọ́jú dátà wẹ́ẹ̀bù náà, máa ń ṣàdédé kú lóru, ìgbà míì á dìde fúnra ẹ̀, ìgbà míì àárọ̀ tí mo bá dé ni màá tó bá a nílẹ̀. Mo kọ́kọ́ ní iná ni, ẹ ṣáà mọ iná wa n'Ífẹ̀, àmọ́ mo tẹ uptime, server fúnra ẹ̀ ò kú láti ọjọ́ 11. Mo ṣí error.log, fáìlì tó ń kọ àṣìṣe ẹ̀ sí, ó ń sọ̀rọ̀ lọ ló bá dákẹ́. Mo ti yọ ọ́ kúrò mo tún un fi sí, pàbó.

baba_ìbejì:
Kọ Restart=always sínú fáìlì service ẹ̀ (èyí tó ń darí bó ṣe ń dìde), kó máa jí fúnra ẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún mi.

òṣómàáló_iléṣà:
Ẹ má bínú o bọ̀dá, òkú lẹ kàn ń jí yẹn, ẹni tó ń pa á ṣì wà nínú ilé. Ọmọ Lágéré, bí log ṣe dákẹ́ yẹn gan-an lẹ̀rí. Ká ní MySQL ló kọsẹ̀ fúnra ẹ̀ ni, ì bá ti kọ nǹkan sílẹ̀, signal 11 tàbí nǹkan tó jọ ọ́. Signal 9 (àṣẹ pé kó kú lójú ẹsẹ̀) ni wọ́n fi pa á, ìyẹn kì í jẹ́ kéèyàn dágbére. Ẹ tẹ eléyìí kẹ́ ẹ lè rí ohun tí kernel (ọkàn Ubuntu gan-an) kọ sílẹ̀:

sudo dmesg -T | grep -i "killed process"

Ẹ wo systemctl status mysql náà, tẹ́ ẹ bá rí oom-kill (pé wọ́n pa á torí RAM tán) níbẹ̀, kernel ló ṣe é. Tí RAM bá ti tán, kernel á wo ẹni tó gba àyè jù, á pa á kí server má baà dákú pátápátá, MySQL ló sì sábà máa ń rí torí òun ló tóbi jù nílé, àmọ́ ó lè jẹ́ ẹlòmíì ló jẹ àjẹkì lóru yẹn. Ẹ wo crontab -l (àwọn iṣẹ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ fúnra wọn lásìkò), kí ló ń ṣiṣẹ́ lágogo tó ń kú? Kẹ́ ẹ tó sùn lónìí ẹ fún un ní swap, àyè lórí dísìkì tó ń ṣe bíi RAM:

sudo fallocate -l 2G /swapfile
sudo chmod 600 /swapfile
sudo mkswap /swapfile
sudo swapon /swapfile

Swap ò yára bíi RAM o, kẹ́ ẹ ṣáà rí ààyè mí ni. Ẹ kọ ọ́ sínú /etc/fstab náà, kó lè padà wá tí server bá kú tó tún tàn.

ìyá_códè:
Tó bá jẹ́ Apache prefork ló ń gbé wẹ́ẹ̀bù yín jáde, ẹ wo MaxRequestWorkers (iye òṣìṣẹ́ ẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà), 150 ló máa ń wà níbẹ̀. Tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ 40MB, 6GB nìyẹn, lórí 2GB!

ọmọ_lágéré:
Hẹn-ẹn! Mo rí i, "Killed process", mysqld, aago méjì òru kọjá díẹ̀. Ẹ sì mọ nǹkan tó wà ní crontab láago méjì? Script PHP témi fúnra mi kọ láti fi dín fọ́tò kù, gbogbo fọ́tò ló ń kó sínú mẹ́mọ̀rì lẹ́ẹ̀kan náà, a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kó fọ́tò ańkárá tuntun sí i. Mo rò pé memory_limit á dá a dúró, àṣé -1, ìyẹn kò sí ààlà, ló wà fún ti cron. Mo ti ní kó máa mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sùn ire lánàá. Ẹ ṣé gan-an ni Ìjẹ̀ṣà.

baba_ìbejì:
Èmi náà ń lọ tẹ dmesg báyìí o.