Àfòpiná tí ń ká ewé ilá: oògùn kò ràn án

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi. Ewé ilá mi ń ká láti etí bí ẹní. Nígbà tí mo tú ọ̀kan, ìdin aláwọ̀ ewé tí orí rẹ̀ dúdú ni mo bá níbẹ̀, pẹ̀lú ìgbẹ́ dúdú wẹ́wẹ́. Mo fọ́n oògùn apakòkòrò, síbẹ̀ ewé tuntun ṣì ń ká. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?

Èsì kìíní
Ẹ kú ìtọ́jú oko. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe bá àfòpiná tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Haritalodes derogata mu, èyí tó fẹ́ràn ilá àti òwú púpọ̀. Àfòpiná fúnra rẹ̀ kì í jẹ ewé. Abẹ́ ewé ló ń yé sí, ìdin tó bá pa níbẹ̀ yóò kọ́kọ́ máa jẹ abẹ́ ewé náà, bó bá sì dàgbà díẹ̀, yóò fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń ti ẹnu rẹ̀ jáde so etí ewé pọ̀, yóò sì máa jẹun nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí oògùn tó gbọ́dọ̀ kan kòkòrò lára kó tó pa á kò fi ṣiṣẹ́: inú ewé tó ká ni ìdin náà ń fara pamọ́ sí.

Bí oko yín kò bá tóbi, ọwọ́ ló dára jù. Ẹ tẹ ewé tó ká náà mọ́ àárín ìka yín kí ìdin inú rẹ̀ lè kú, tàbí kí ẹ já a, kí ẹ sì rì í sínú omi ọṣẹ.

Èsì kejì
Òótọ́ ni. Fún oko ńlá, Bt ni mo fara mọ́, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi bakitéríà Bacillus thuringiensis ṣe. Ìdin gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ kó tó pa á, nítorí náà, ẹ fọ́n ọn sí abẹ́ ewé nígbà tí ìdin ṣì kéré, tí wọn kò tíì ká ewé, kó sì jẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, torí oòrùn máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ jìnnà sí oògùn tí ń pa gbogbo kòkòrò láìyàn, nítorí ó ń pa aláǹtakùn àti àwọn agbọ́n kéékèèké tí ń yé ẹyin sára ìdin wọ̀nyí. Bí àwọn wọ̀nyẹn bá ti kú tán, ìdin á pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé kí n hú àwọn tó ti ká púpọ̀?

Èsì kejì
Rárá o. Igi ilá tó ti dàgbà lè pàdánù ewé mélòó kan kó sì tún so. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni kí ẹ máa yẹ̀ wò lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ìkórè, ẹ kó igi àti ewé gbígbẹ kúrò lóko, nítorí ìdin lè sá pamọ́ síbẹ̀ di àsìkò tó ń bọ̀.