Ẹni tó ni ìkànnì pa ọ̀rọ̀ mi rẹ́: ṣé ó fi ẹ̀tọ́ mi dù mí ni?

Olùkọ́ Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ ìlú wa kan dá ìkànnì kan sílẹ̀ níbi tí àwa ará àdúgbò ti ń jíròrò lórí ọ̀rọ̀ ìlú, owó ara rẹ̀ ló sì fi ń gbé e ró. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rọ omi tí gbogbo wa dáwó ṣe ti dákẹ́ láti oṣù mẹ́ta, mo sì béèrè ibi tí owó àtúnṣe tí a kó jọ wọlé sí. N kò bú ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kí n tó rin ewùrà tí mo fẹ́ fi se ìkòkoré tán, ọ̀rọ̀ náà ti pòórá, ìlà kan ṣoṣo ni mo bá nípò rẹ̀: «A ti yọ ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ó lòdì sí ìlànà wa.» Ìlànà wo? Wọn kò sọ. Mo mọ̀ pé òfin ilẹ̀ wa fún mi lómìnira láti sọ èrò ọkàn mi. Ṣé ẹnì kan lè gba òmìnira yẹn lọ́wọ́ mi nítorí pé òun ló ni ìkànnì?

Agbẹjọ́rò Ṣágámù

Ẹ pẹ̀lẹ́, Olùkọ́ wa. Abala 39 ìwé òfin ọdún 1999 ni ẹ ní lọ́kàn. Ìsọ̀rí kìíní rẹ̀ fún olúkúlùkù lómìnira láti ní èrò tirẹ̀, láti gba ìròyìn àti láti fi fún ẹlòmíràn láìsí ìdíwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìsọ̀rí kejì pẹ̀lú: ó fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti ní, láti dá sílẹ̀ àti láti máa darí ohun tí a fi ń tan ìròyìn àti èrò kálẹ̀. Ẹ̀tọ́ yìí ni ẹni tó ni ìkànnì náà dì mú, nítorí pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè darí ìwé ìròyìn tàbí ìkànnì bí kò bá lè sọ ohun tí yóò gbà síbẹ̀ àti ohun tí kò ní gbà.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tọ́ka sí. Àtúnṣe kìíní sí ìwé òfin wọn, láti ọdún 1791, ìjọba ló ká lọ́wọ́ kò. Ní 2019, nínú ẹjọ́ Manhattan Community Access Corporation àti Halleck, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ṣàlàyé pé ilé-iṣẹ́ aládàáni kò di ìjọba kìkì nítorí pé ó gba àwọn ènìyàn láyè láti sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: abala 46 ìwé òfin wa, tó gbà wá láyè láti gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ wa lọ sí ilé ẹjọ́ gíga, kò sọ pé ìjọba nìkan ni a lè pè. Nítorí náà, ilẹ̀kùn náà kò tì pátápátá. Síbẹ̀, n kò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ pe ọmọ ìlú yín lẹ́jọ́ lórí èyí.

Bàbá Ọ̀ṣọ́sà

Olùkọ́, ọmọ mi, òótọ́ ni agbẹjọ́rò sọ, mo sì fẹ́ kí o mọ ìdí tí òfin fi ya onílé sọ́tọ̀ kúrò lára ìjọba, nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọmọ wa rí. Ní 1964, nígbà tí ìjà òṣèlú ń gbóná ní Ìwọ̀-Oòrùn, Hubert Ogunde, ọmọ Ọ̀ṣọ́sà wa níhìn-ín, gbé eré Yorùbá Ronú jáde. Ó dun àwọn tó wà nípò, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀. Ká ní onígbọ̀ngàn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló sọ pé òun kò fẹ́ eré náà nínú ilé òun ni, Ogunde ìbá kó ìlù àti aṣọ eré rẹ̀ sínú ọkọ̀, ìbá sì kọjá sí Ṣágámù tàbí Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ìjọba ló sọ̀rọ̀, gbogbo gbọ̀ngàn tó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn ló sì tì mọ́ ọn lójú lọ́jọ́ kan náà. Ó di 1966, lábẹ́ ìjọba ológun, kí wọ́n tó tú u sílẹ̀.

A tún rí i ní 2021. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà, Twitter yọ ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Buhari kọ. Ẹnu Ààrẹ kò tìtorí ìyẹn dí, nítorí pé rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti ìwé ìròyìn ṣì wà tó lè gbà sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni ìjọba kéde pé òun dá Twitter dúró fún gbogbo Nàìjíríà, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di oṣù kìíní 2022. Ẹni tó ń fi í polówó gaàrí Ìjẹ̀bú àti ẹni tó ń fi í bá ìjọba wí, wọ́n jọ pàdánù rẹ̀ ni. Ilé ẹjọ́ ECOWAS sọ ní oṣù keje 2022 pé ìdádúró náà kò bófin mu. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí a bẹ ìjọba pé kí ó wá máa pàṣẹ ohun tí ìkànnì gbọ́dọ̀ gbà.

Alábòójútó, Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ kú àlàyé, Bàbá wa. Mo wà lára àwọn tó ń bójú tó ìkànnì àwọn ọmọ Rẹ́mọ kan. Lóru ọjọ́ kan, aago méjì ti kọjá, mo rí i pé ẹnì kan kọ orúkọ obìnrin kan àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ síbẹ̀, ó ní àjẹ́ ni. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni mo yọ ọ́, nítorí pé bí ilẹ̀ bá mọ́ bá ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀, kò sí ẹni tó lè sọ irú èrò tí yóò lọ kún ẹnu ọ̀nà obìnrin náà. Ẹni tó kọ ọ́ ní mo tẹ òmìnira òun mọ́lẹ̀. Mo fi ìlànà wa tó kan ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí i, mo sì sọ fún un pé bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó kọ̀wé sí ẹnì kejì mi, kí òun tún un wò. Olùkọ́, ohun tí wọn kò ṣe fún yín gan-an nìyẹn, ó sì ń dùn mí. Ẹni tó pe gbogbo àdúgbò wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ pé kí wọ́n wá sọ̀rọ̀ ìlú jẹ wọ́n ní gbèsè àlàyé. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó ti di dandan nínú òfin tí wọ́n ń pè ní Digital Services Act, tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pátápátá ní oṣù kejì 2024, pé kí wọ́n sọ ìdí fún ẹni tí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òfin náà kò sọ ohun tí ìkànnì gbọ́dọ̀ fẹ́ràn.

Bàbá, ẹ má bínú, ibì kan wà tí mo ti yà díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ yín. Ogunde lè gba gbọ̀ngàn mìíràn lọ, ṣùgbọ́n bí gbogbo àdúgbò bá ti kó jọ sójú ìkànnì kan ṣoṣo, èwo ni mìíràn? Ní 1946, nínú ẹjọ́ Marsh àti Alabama, ilé-iṣẹ́ kan ló ni odidi ìlú, títí kan òpópónà rẹ̀, ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà sì sọ pé kò lè dá obìnrin tó ń pín ìwé ẹ̀sìn níbẹ̀ lẹ́kun. Àwọn ilé ẹjọ́ wọn kò tíì fẹ ìdájọ́ yẹn dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀ kò tíì kú.

Olùkọ́ Ìjẹ̀bú-Òde

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti kọ̀wé sí ẹni tó ni ìkànnì náà, mo ní kí ó fi ìlànà tí mo rú hàn mí. Bí ó bá fi í hàn mí tí mo sì rí i pé mo rú u, n óò tún ọ̀rọ̀ mi kọ. Lánàá, mo kọ ìbéèrè mi sórí pátákó páálí, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé ẹ̀rọ omi, tó jẹ́ ti gbogbo wa. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ níwájú rẹ̀ ní kí n tún un kọ gàdàgbà kí ojú òun lè gbé e, mo sì ti ṣe bẹ́ẹ̀.