Ìsọ̀ àyálò tàbí ìgbàlejò? Orúkọ tó yẹ ibi tí ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbé

Ẹ̀yin àgbà wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tí a ó fún iṣẹ́ àwọn iléeṣẹ́ tó ń gbowó lọ́wọ́ oníṣòwò kí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lè máa wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru, kí a lè fi í sínú ìwé atọ́nà tí a ń kọ fún àwọn ọlọ́jà Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ. Hosting ni àwọn ará Nàìjíríà ń pè é. Hébergement, lédè Faransé, ni àwa ń gbọ́ níhìn-ín. Ọ̀gá wa láti Ìbàdàn dábàá ìgbàlejò, arákùnrin wa láti Kútọnu ní ìfiwọ̀sí ló dára jù. Pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tó yẹ àwọn méjèèjì, ó jọ lójú mi pé ẹnu òyìnbó tó jọba lé ìlú rẹ̀ lórí ni kálukú ń wò, kò sì sí èyí tó wo ọwọ́ ọlọ́jà tó ń sanwó nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ìgbàlejò wò. Nílé Yorùbá, ẹni tó gba àlejò ló ń fún un lómi, òun ló ń wá ohun tí yóò jẹ, ojú sì máa ń ti onílé bí ẹrù àlejò bá sọnù lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Àdéhùn tí ọlọ́jà ń fọwọ́ sí lọ́dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: owó ni wọ́n ń gbà ṣáájú, ọjọ́ tí owó náà bá sì tán tí a kò san òmíràn, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, bí ó bá sì pẹ́, wọ́n á kó ohun tó wà níbẹ̀ dànù. Ẹni tí a bá sọ fún pé wọ́n gbà á lálejò yóò fọkàn balẹ̀ níbi tí kò yẹ kó ti fọkàn balẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn tó ń yà wo ṣọ́ọ̀bù láìtíì ra nǹkan ni a ti ń pè ní àlejò nínú ìwé kan náà. Bí ọlọ́jà bá ka ìgbàlejò, ṣé òun ni àlejò ni, àbí àwọn oníbàárà rẹ̀? Ní ti ìfiwọ̀sí, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀: ẹni tó wọ̀ sí ilé kan, ìrìn àjò ló ń lọ, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ pé yóò ṣí lọ. Ọlọ́jà kò pàtẹ kó tó máa ṣí lọ.

Ọjà ni ọ̀rọ̀ yìí, inú ọjà ni kí a ti mú orúkọ rẹ̀ wá. Ní ọjà Wàndó, kò sí ẹni tó ń da ìsọ̀ pọ̀ mọ́ ẹrù tó wà níbẹ̀, a sì mọ̀ pé ẹni tó ni ìsọ̀ lè yàtọ̀ sí ẹni tó pàtẹ sí i. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá ìsọ̀ àyálò fún ohun tí a ń sanwó lé lórí, owó ìsọ̀ fún iye tí a ń san, àti ayáninísọ̀ fún iléeṣẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bí a ti ní ayánilówó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ ọ́ ní ayánilísọ̀ o. Ní kì í di l níwájú ìró i: a ń wí pé lówó àti láṣọ, ṣùgbọ́n nílé àti nísọ̀ ni. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní yá kò dá ẹni tó gbà mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó fún un. Òótọ́ ni, àmọ́ gbólóhùn máa ń yanjú rẹ̀: mo yá ìsọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n yá mi nísọ̀. Háyà ì bá tètè yé àwọn ará Èkó, ṣùgbọ́n inú Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, a kò sì fẹ́ kí ẹni tó gba iléèwé Faransé kọjá tún máa béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí a fi ń túmọ̀ ọ̀rọ̀.

Ọ̀kan nínú yín béèrè bóyá ìsọ̀ yóò bá ojúewé mọ́ṣáláṣí tàbí ti iléèwé mu. Kò ní bá a mu. Fún ìyẹn, ẹ wí pé àyè àyálò. Ìwé ọlọ́jà ni èyí.

Ohun mìíràn tó mú mi dúró ti ìsọ̀ ni pé ó rọrùn láti fi pín àwọn oríṣi tí ọlọ́jà ní láti yan ọ̀kan nínú wọn. Ìsọ̀ àpapọ̀ ni èyí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti ń lo ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà (server) kan ṣoṣo. Owó rẹ̀ ló kéré jù, ó sì tó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ bí èrò bá ya bo aládùúgbò, ṣọ́ọ̀bù tìrẹ náà á máa falẹ̀. Nínú ìsọ̀ onípín, wọ́n ti wọn ìpín kálukú fún un lórí ẹ̀rọ náà. Nínú ìsọ̀ àdáni, ìwọ nìkan lo ni ẹ̀rọ. Ìsọ̀ àṣetán wá ni irú èyí tí Shopify ti Kánádà ń yáni láti ọdún 2006: gbogbo nǹkan ti wà níbẹ̀, owó oṣù lo máa ń san, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá fẹ́ kúrò, ẹrù rẹ nìkan lo lè kó, o kò lè gbé ìsọ̀ náà lọ. WooCommerce, ohun èlò ìkọ́ṣọ́ọ̀bù tó ti wà lórí WordPress (ètò tí a fi ń kọ́ ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì) láti ọdún 2011, ọ̀fẹ́ ni fúnra rẹ̀, ìwọ lo máa wá ìsọ̀ fún un, ìwọ lo sì máa tọ́jú rẹ̀. Òun ni mo máa ń gba àwọn ènìyàn wa níyànjú láti fi bẹ̀rẹ̀, lórí ìsọ̀ àpapọ̀, nítorí FedaPay àti KkiaPay, tí wọ́n jẹ́ ti Benin níhìn-ín, ti ṣe ohun èlò ìgbowó tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù tí ará Kétu kò bá lè fi owó orí fóònù, MTN MoMo tàbí Moov Money, sanwó níbẹ̀, ẹwà lásán ni.

Mo bá àbúrò mi obìnrin kan, tó ń ta àǹkárá ní Wàndó, ka ojúewé iye owó ayáninísọ̀ kan lórí fóònù rẹ̀. Illimité (unlimited lédè Gẹ̀ẹ́sì) ni wọ́n kọ gàdàgbà sókè. Nísàlẹ̀, ní lẹ́tà tíntìntín, wọ́n ní fáìlì kò gbọ́dọ̀ ju iye báyìí lọ. Àwọn kan nínú wa ti kọ àìlópin fún ọ̀rọ̀ yìí, mo sì bẹ̀bẹ̀ kí a yọ ọ́. Àìlópin, ohun tí a fi ń ki Ọlọ́run ni, kò sì sí ẹ̀rọ tí kò lópin. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé wọn kì í wọn ọ́n kí wọ́n tó gbowó, nítorí náà àìdíwọ̀n ló sún mọ́ òtítọ́.

Agbègbè ìkáwọ́ tí a dábàá fún domaine, ìyẹn orúkọ tí oníbàárà ń tẹ̀ láti rí ṣọ́ọ̀bù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò lè yé ọlọ́jà kankan. Àdírẹ́sì ni kí a lò, tí etí ará Èkó àti etí ará Àjàṣẹ́ jọ mọ̀, yálà ó parí sí .bj tàbí sí .com. Kí ìwé wa sì sọ ọ́ ketekete pé orúkọ ọlọ́jà fúnra rẹ̀ ni kó fi gba àdírẹ́sì, kì í ṣe orúkọ ọmọ tó bá a kọ́ ṣọ́ọ̀bù náà. Àbúrò mi yìí kan náà àti ẹni tó bá a ṣe é jà, àdírẹ́sì sì bá ẹni náà lọ. (Ẹ̀yin ará Nàìjíríà ń kọ ẹ àti ọ, àwa ará Benin ń kọ ɛ àti ɔ, nínú àdírẹ́sì, e àti o lásán ni kí a fi sí i, nítorí ọwọ́ oníbàárà ni yóò tẹ̀ ẹ́.)

Uptime wá ńkọ́? Mo rí àkókò òkè nínú àkójọ tó wà níwájú wa, mo sì rẹ́rìn-ín. Wákàtí ìṣísílẹ̀ ni mo dábàá, torí pé ohun tí ayáninísọ̀ ń ṣèlérí ni pé ìsọ̀ yóò máa wà ní ṣíṣí. Nígbà tí wọ́n bá kọ ìdá 99.9 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ni pé ó lè wà ní títì fún bíi wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 45 láàárín ọdún, kí wọ́n má sì yẹ àdéhùn. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra, nítorí ìsọ̀ lè wà ní ṣíṣí kí ọ̀nà ọjà gé. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun mélòó kan bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnukọlẹ̀ ní Benin àti ní àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká. Ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní Faransé kò ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, ará Ṣábẹ ni kò ríbi gbà débẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni ti Strasbourg ní Faransé, níbi tí iná ti jó odidi ilé ẹ̀rọ kan ti OVH, iléeṣẹ́ ayáninísọ̀ kan, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2021. Àwọn kan nínú àwọn tó yá ìsọ̀ níbẹ̀ pàdánù ohun gbogbo, nítorí wọ́n rò pé ẹ̀dà ìpamọ́ ti wà nínú owó tí wọ́n san. Irú èrò tí ìgbàlejò máa ń gbé síni lọ́kàn nìyẹn, òun gan-an ni mo sì ń sá fún.

Ó ku renouvellement (renewal lédè Gẹ̀ẹ́sì). Ìsọdọ̀tun wà nínú àkójọ wa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á á rò pé wọ́n fẹ́ bá òun tún ìsọ̀ ṣe ni, nígbà tó jẹ́ pé owó ọdún kejì, tó sábà máa ń ga ju ti ọdún àkọ́kọ́ lọ, ni wọ́n ń béèrè. N kò tíì rí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn. Kí ẹ̀yin tó wà ní Ṣábẹ jọ̀wọ́ bá wa bi àwọn ìyá ọlọ́jà ohun tí wọ́n ń pe owó tí wọ́n ń san kí ìsọ̀ má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn nígbà tí ọdún bá yí, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ bí ẹ bá ṣe gbọ́ ọ gan-an, kí a tó ti àkójọ yìí pa.