Irorẹ́ àgbọ̀n tó ń tẹ̀lé nǹkan oṣù: ṣé ká fi kún spironolactone ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa awọ ara. Obìnrin ọmọ ọdún 31 ni ẹni tí mò ń béèrè nípa rẹ̀, ní Abẹ́òkúta níbí. Bó bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan kó rí nǹkan oṣù, kókó-kókó á yọ sí àgbọ̀n àti abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, á wúlé lábẹ́ awọ, á máa dùn ún. Kì í bóra, torí náà kì í ṣe irorẹ́ tí ìpara onísítẹ́rọ́ìdì ń fà.

Lálẹ́, adapalene 0.1% (ìpara irorẹ́) ló ń lò, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan fún gbogbo ojú, lẹ́yìn tí ojú bá gbẹ. Láàárọ̀, benzoyl peroxide 2.5%, ìpara tó ń pa kòkòrò irorẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń lo ìyẹn, kó má jẹ́ kó kan àdìrẹ o, aró á bó ni!

Ó ti pé oṣù mẹ́ta tó ti ń lo spironolactone 50 mg lójúmọ́, oògùn oníhóró tó ń dènà iṣẹ́ họ́mónù ọkùnrin tó ń fa irorẹ́. Irorẹ́ ti dín kù, ṣùgbọ́n nǹkan oṣù ń wá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Àyẹ̀wò ti fi hàn pé kò lóyún, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 112/70.

Ṣé ká sọ ọ́ di 100 mg ni? Bí ìwọ̀n bá ṣe ń pọ̀ ni nǹkan oṣù máa ń dàrú sí i. Àbí ká dúró sí 50 mg, ká fi oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhọ́mónù méjì (estrogen àti progestin) kún un? Kì í mu sìgá, kò ní túúlu, àwọn ohun tó lè mú kí oògùn yẹn léwu. Ẹ má dárúkọ abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta, òun fúnra rẹ̀ lè mú irorẹ́ pọ̀.

Ta ló sì mọ ibi tí wọ́n ti ń ta azelaic acid 20%, ìpara irorẹ́ mìíràn, yálà ní Kútọ̀ tàbí Pánṣẹ́kẹ́?