Èsì: Òpó àyípo kọ́ o, òpó òòyì ni

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ará. Látàárọ̀ àná ni mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń kọ lórí orúkọ tó yẹ ká fún àwọn òpó gàgàrà tó ń pòòyì lórí ọkọ̀ ojú omi kí atẹ́gùn lè bá wọn ti ọkọ̀ lọ, àwọn tí òyìnbó ń pè ní rótọ̀ Flettner. Mo ní n má dá sí i, àmọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa ní "òpó àyípo" ni àwọn máa fi sínú ìwé àwọn ọmọ iléèwé, tẹ́nì kan tún ní "abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀" ló dùn jù, ara mi ò gbà á mọ́.

Ẹ jẹ́ ká tètè mú abẹ̀bẹ̀ kúrò nílẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ ló ń fúnni ní atẹ́gùn. Òpó yìí ò fún ẹnikẹ́ni ní atẹ́gùn, èyí tó ti ń fẹ́ tẹ́lẹ̀ ló ń lò. Bí ojú ọ̀run bá dákẹ́ rọ́rọ́ tí ọkọ̀ sì dúró sójú kan, ẹ fi mọ́tò yí òpó náà títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọkọ̀ ò ní sún.

Ó wá ku àyípo. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àbọ̀, ìyẹn ohun tá à ń yí po, máa ń wọ àárín yí àti po: oṣùpá ń yí ayé po, wọ́n yí olè po. Kí ni òpó yìí ń yí po? Kò yí nǹkan kan po o, ojú kan ló wà tó ń dá pòòyì! Ẹ tún wo à olóhùn ìsàlẹ̀ tẹ́ ẹ fi síwájú ẹ̀. Àjẹkù ni ohun tá a jẹ kù, àfikún ni ohun tá a fi kún nǹkan, àyípo á wá jẹ́ ohun tá a yí po, ìyẹn ni pé ẹ ti sọ òpó di ilé tí ọlọ́dẹ ń yí po lóru. Tó bá jẹ́ ẹni tó ń ṣe é lẹ ní lọ́kàn, a olóhùn àárín lẹ bá mú, bíi ti apẹja àti akọrin. Àmì ohùn kan péré, ẹ wo bó ṣe da gbogbo ẹ̀ rú.

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn fi èdè Yorùbá gboyè, pé kí àwa oníṣẹ́ ẹ̀rọ gbẹ́nu dákẹ́. Ó dáa. Ìdí ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ni mo ti jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò gboyè kankan nínú èdè, ṣùgbọ́n ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ẹ sì ti ń sọmọ lórúkọ láìyọjú sílé rárá.

Ẹ gbà mí láyè kí n fi ilé hàn yín. Òpó dúró ṣánṣán lórí ọkọ̀, atẹ́gùn ń bọ̀ láti ọwọ́ òsì, ó ń lọ sí ọ̀tún. Afẹ́fẹ́ tó kan òpó máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, ojú òpó tó ń sáré á sì máa wọ́ ọ lọ. Ká ní ojú òpó tó kọjú sí iwájú ọkọ̀ ń sáré lọ sí ọ̀tún, òun àti atẹ́gùn jọ ń lọ nìyẹn, afẹ́fẹ́ á yára níbẹ̀, títẹ̀ tó ń tẹ òpó á dín kù. Ní ẹ̀yìn òpó, ojú ẹ̀ àti atẹ́gùn ń forí gbárí, afẹ́fẹ́ á falẹ̀, títẹ̀ ẹ̀ á le sí i. Ẹ̀yìn á wá ti òpó síwájú, ọkọ̀ á tẹ̀ lé e. Ẹ yí mọ́tò sódì, ẹ̀yìn náà lọkọ̀ máa fẹ́ gbà lọ. Atẹ́gùn ò yí padà o, ojú òpó nìkan lẹ yí.

Magnus, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, ló yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ní Berlin lọ́dún 1852, nítorí ọta ìbọn tó máa ń yà lójú ọ̀nà. Anton Flettner, oníṣẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe òpó yìí, wá gbé òpó méjì tí gíga wọn tó mítà 15 sórí ọkọ̀ Buckau ní Kiel lọ́dún 1924. Lọ́dún 1926 ọkọ̀ náà la Àtìláńtíìkì dé New York, orúkọ ẹ̀ ti di Baden-Baden nígbà yẹn. Epo tó pọ̀ yamùrá lówó pọ́ọ́kú ló jẹ́ kí wọ́n pa á tì. Epo náà ló tún dá a padà: lọ́dún 2018 wọ́n gbé òpó méjì oní mítà 30 sórí ọkọ̀ agbépo Maersk Pelican, wọ́n dán an wò fún ọdún kan, epo tó ń jó fi ìdá 8.2 nínú 100 dín kù. Ṣé nǹkan báyìí la ó máa pè ní abẹ̀bẹ̀?

Àbúrò wa kan mú bọ́ọ̀lù Roberto Carlos ará Brazil wá, pé agbára kan náà ló yà á, èyí tó gbá wọlé Faransé ní Lyon lọ́dún 1997. Àpẹẹrẹ yẹn dáa gan-an, bọ́ọ̀lù yẹn gba ìta lọ débi pé ọmọ tó ń ṣa bọ́ọ̀lù ń forí pa mọ́, ó wá yà bàrá wọlé, Barthez tó ń ṣọ́lé fún Faransé ò mira. Àmọ́ pé torí ó yà ká wá pe agbára tó ń ti ohun tó ń pòòyì ní "agbára ìyà"? Ìyà kẹ̀! Ìyà tí í jẹ mẹ̀kúnnù? Ẹ fi bàrá kún un, ìyàbàrá, ó parí.

Ìyá wa kan láti Ìbàdàn ní àìsàn ni òòyì, pé kò ṣe é fi sọ ẹ̀rọ lórúkọ. Ìyá mi, ẹ má bínú, òòyì ti wà kó tó kọ́ èèyàn. Kí lẹ rò pé ó wà nínú pòòyì? Pa òòyì ni, bíi pa ariwo, pa irọ́. Òkòtó táwọn ọmọdé ń ta, tó ń fẹsẹ̀ kan pòòyì ràn-ìn ràn-ìn, ṣé àìsàn ló ń ṣe é ni? Òpó òòyì lèmi ń wí o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ní òyì ni kì í ṣe òòyì, ẹ máa pè é bí wọ́n ṣe ń pè é nílé yín.

Ìyá wa tún ní òpó yìí ò lè jẹ́ ìgbòkun, aṣọ tí atẹ́gùn fi ń ti ọkọ̀, láéláé torí kò láṣọ, kò ní okùn, pé okùn ló bí ìgbòkun. Àpò ìyẹ̀fun ni bàbá mi àgbà rán pọ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, aṣọ ọkọ̀ ni wọ́n ń pè é, tiwọn ò sì ní wàhálà. Àmọ́ ti okùn yìí ò ní kọjá bẹ́ẹ̀. Ìgbòkun: dò dò re. Òkun: dò re. Okùn: re dò. Ìyá mi, níbo lẹ ti rí okùn nínú ẹ̀?