Ọ̀rọ̀ wákàtí 3 pẹ̀lú bàbá onífá, níbo ni kí n gé e sí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú tó bá gùn díẹ̀.

Bàbá àgbà kan, babaláwo, gbà kí n fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ojú odù 16 (àwọn orí àgbà tí Ifá pín sí) ni mo bèèrè. Wọ́n ṣàlàyé bí gbogbo odù ṣe di 256, wọ́n tún já sí ìtàn Ọ̀yọ́. Ó dùn jọjọ!

Mo gé e ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹsẹ Ifá (ewì inú odù) wá dá sí méjì, kò nítumọ̀ mọ́. Mo fi odindi rẹ̀ ránṣẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ó gùn jù (àwọn tó ń jókòó ti bọ́ọ̀lù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀).

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, ibo lẹ máa ń gé e sí tí ẹsẹ kò fi ní já?

Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.