Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti ṣe yógà fún ẹ̀yìn ríro, òun àti olùkọ́ nìkan?

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Houston ni mo wà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí ẹ̀yìn ti ń ro mí, gbígbé aláìsàn ló dá a sílẹ̀. Láàárọ̀ mo gbọ́dọ̀ di etí bẹ́ẹ̀dì mú kí n tó lè nàró, okùn bàtà ọmọ mi gan-an mi ò lè bẹ̀rẹ̀ so ó mọ́, ó sì ń dùn mí dọ́kàn. Oògùn ìrora ti ń da inú mi rú. Dókítà wá ní kí n gbìyànjú yógà, pé láti 2017 ni American College of Physicians, ẹgbẹ́ àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà, ti fi í kún ohun téèyàn lè kọ́kọ́ gbìyànjú kó tó lo oògùn fún ẹ̀yìn ríro tó ti pẹ́. Mo lọ sí kíláàsì kan, èrò pọ̀, wọ́n ní ká tẹ̀ ba, mo tẹ̀ ba, mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Ìdí tí mo fi ń wá ẹni tó máa dojú kọ èmi nìkan nìyẹn, tó máa wo bí mo ṣe ń dúró àti bí mo ṣe ń mí. Wọ́n ní kí n wá ẹni tó ní C-IAYT, ìyẹn ìwé ẹ̀rí àwọn tó ń fi yógà ṣe ìtọ́jú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀? Ṣé ìnṣọ́ránsì yín san níbẹ̀? Ìgbà wo lẹ tó rí ìyàtọ̀? Ẹ dákun ẹ dá mi lóhùn.